Bí ìlú kékeré ṣe lè ní ẹgbẹ́ panápaná tirẹ̀ àti ọkọ̀ tó yẹ ẹ́

Nínú oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ewé kajú débi pé ó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sí ìlú kan láti Kabba títí dé Egbe ní ìpínlẹ̀ Kogi tí ọkàn àgbẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Ẹnì kan lè máa sun oko rẹ̀ ní òwúrọ̀, ọdẹ lè ki iná bọ igbó nítorí ọ̀yà, darandaran lè fẹ́ kí koríko tútù hù fún màlúù rẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi di ọ̀sán, iná ti kúrò ní ìkáwọ́ ẹni tó dá a. Ilé-iṣẹ́ panápaná ìjọba wà ní Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n ó ju wákàtí kan lọ kí ọkọ̀ tó ti ibẹ̀ dé Kabba, Isanlu àti Egbe sì tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Ilé tó bá gbiná kì í fún ènìyàn ní wákàtí kan.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Yàgbà, tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n ti fún ní ọkọ̀ panápaná ńlá kan, pupa fòò, pẹ̀lú fèrè àti iná orí. Ní ọjọ́ tí iná ti inú igbó wọ abà iṣu, ọkọ̀ náà kò jí. Bátìrì rẹ̀ ti kú, omi kò sí nínú táńkì rẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń lo pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ sì ti lọ sí Àbújá. Ohun tó pa iná náà ni ẹ̀ka igi tútù, garawa àwọn obìnrin, àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ọkùnrin kan tó ń ta omi, tó gbé táńkì oníike kan àti ẹ̀rọ tó fi ń fa omi lódò sẹ́yìn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo bí omi ṣe ń jáde lẹ́nu rọ́bà tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì sì ń fà á gba àárín ebè. Ìdajì iṣu náà ni a rí gbà là.

Nítorí náà, ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀. Ènìyàn ni ó ṣáájú, omi ni ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ni ó kẹ́yìn. Ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì ìlú lè tún ṣe, tí ọ̀nà oko gbà, tí yóò sì jí ní àárọ̀ ọyẹ́ láìjẹ́ pé a tì í.

Kíkó ènìyàn jọ

Ẹgbẹ́ panápaná tí kò gba owó oṣù kì í ṣe nǹkan tuntun láyé. Ní ọdún 1736 ni Benjamin Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà; ní Chile, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni panápaná orílẹ̀-èdè náà; ní Jámánì, wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbé ní abúlé. Ẹni tó bá mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró ní ilẹ̀ Okun, tí í ṣe agbègbè wa yìí, kò ní rí ohun àjèjì kan nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀wẹ̀ a máa ní ọjọ́, iná kì í dá ọjọ́.

Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tó pọ̀ ju iye ènìyàn tí ẹ nílò lọ. Bí ènìyàn mẹ́fà bá tó láti bá ọkọ̀ kan ṣiṣẹ́, ẹ kọ ogún, nítorí pé àwọn kan yóò wà lóko, àwọn kan yóò lọ sọ́jà, àwọn kan yóò sì ti rin ìrìn-àjò. Ẹ wá àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn fi sáàárín ìlú: mẹkáníìkì, wẹ́dà, télọ̀, olùkọ́, ọlọ́kadà, ẹni tó ń lọ ata. Ẹ mú ọdẹ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ wọn, nítorí pé ọdẹ ni ó mọ ibi tí igbó ti ṣí, ibi tí àpáta ti dí ọ̀nà, àti ibi tí ènìyàn lè gbà sá. Ẹ má ṣe fi àwọn obìnrin sílẹ̀ nínú ètò náà. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí iná sábà máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn ni ó pọ̀ jù ní ilé, ohun tí mo sì rí ní ọjọ́ abà iṣu náà ni pé àwọn ni kò dẹ́kun.

Kí ẹgbẹ́ náà tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí ààfin, ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ kí wọ́n rán ẹni tí yóò kọ́ yín níṣẹ́. Ẹgbẹ́ tí àwọn aláṣẹ kò mọ̀ lè di ẹni ẹ̀sùn ní ọjọ́ tí ohun ìní ẹnìkan bá bàjẹ́ lójú iná.

Ní ti aṣọ, òwú ni kí ẹ wọ̀. Aṣọ tó ní nylon nínú a máa yọ́ mọ́ ara bí iná bá fẹ́ ẹ, dókítà ni yóò sì máa fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Jíǹsì tó nípọn, aṣọ òkè ọlọ́wọ́ gígùn, bàtà awọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ awọ àti akoto ti tó fún iná igbó. Ẹ má rẹ aṣọ tí ẹ fi bo imú sínú omi bí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ ooru líle, nítorí pé omi náà yóò di oru gbígbóná tí yóò bó ojú. Òfin kan sì wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀: ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìmísíinú lẹ́yìn kò gbọdọ̀ wọ ilé tí èéfín ti kún. Èémí méjì tàbí mẹ́ta nínú èéfín tó nípọn tó láti mú kí ènìyàn dákú.

Ẹ fi ohùn kan ṣoṣo ṣe àmì iná. Bí ẹ bá yan agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó jẹ́ lílù tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ìsìn àti ti òkú. Bí ẹ bá yan gbohùngbohùn mọ́sáláṣí, ẹ bá lèmọ́mù ṣe àdéhùn ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tí ẹ yàn pe 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, kí ìjọba lè mọ̀ kí wọ́n sì máa bọ̀.

Mímọ ibi tí omi wà ní oṣù kejì

Ọ̀pọ̀ odò wa kún dẹ́dẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ibi tí omi ṣẹ́kù sí ní oṣù kejì. Ẹ rìn yí ìlú ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì ya àwòrán sórí páálí ńlá kan: ọ̀gbun odò tí kì í gbẹ, kànga tó jinlẹ̀, bóríhóòlù tó ní ẹ̀rọ iná mọ̀nàmọ́ná tirẹ̀, táńkì ilé ìwòsàn àti ti ilé-ìwé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe lè sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó.

Ìsúnmọ́ yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù kì í fa omi gòkè láìní òpin. Atẹ́gùn ayé ni ó ń ti omi náà gòkè bí pọ́ọ̀ǹpù bá ti fa afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì tán, agbára atẹ́gùn yìí kò sì ju mítà 10 lọ. Níbi iṣẹ́ gan-an, nǹkan bí mítà 7 ni kí ẹ fi ṣe òpin. Bí bèbè odò bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ọ̀ǹpù tó wà lórí ọkọ̀ yóò kàn máa pariwo lásán ni, bí ó ti wù kí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ tó. Níbẹ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí ènìyàn méjì lè gbé ti wúlò, nítorí pé wọ́n lè gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi.

Họ́ọ̀sì tí a fi ń fa omi kì í ṣe irú èyí tí a fi ń wọ́n ọn. Ó gbọ́dọ̀ le, kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ra nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán nínú rẹ̀. Ẹ yẹ rọ́bà róbótó tó wà ní oríkèé rẹ̀ wò; bí ó bá ti là, afẹ́fẹ́ yóò máa gbà á wọlé, omi kò sì ní gòkè. Asẹ́ ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ rì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sábẹ́ omi, kí ó má sì fara kan yanrìn ìsàlẹ̀. Bí omi bá pọ́n, tàbí tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ kó asẹ́ náà sínú apẹ̀rẹ̀ híhun, irú èyí tí a fi ń ru iṣu, kí ẹ so ó mọ́ ọn dáadáa. Apẹ̀rẹ̀ yóò dá ìdọ̀tí dúró, omi yóò sì máa gba àárín híhun rẹ̀ kọjá. Àwọn panápaná ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú ti lo apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ti ọwọ́ àwọn ìyá wa kò sì kéré sí tiwọn rárá.

Yíyan ọkọ̀

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ pupa ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọkọ̀ tó ní àkàsọ̀ gígùn lórí wà fún ilé alájà púpọ̀. Ọkọ̀ ìdóòlà kún fún irinṣẹ́ tí a fi ń gé irin ọkọ̀ tó forí sọ ara wọn. Ọkọ̀ fóòmù, ìyẹn èyí tó ń tú ìfófòó bí ti ọṣẹ jáde, wà fún iná epo. Ọkọ̀ olómi ńlá kàn ń gbé omi tẹ̀ lé àwọn ìyókù ni. Ọkọ̀ pọ́ọ̀ǹpù ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi iná pẹ̀lú ènìyàn àti họ́ọ̀sì. Ọkọ̀ igbó sì jẹ́ kékeré, ó ga nílẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni ó sì ń wọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka orúkọ tí àwọn ará Jámánì kọ sí wọn lára, nítorí pé orúkọ náà ni yóò sọ ohun tí ẹ ń rà fún yín. Bí ẹ bá rí TLF 16/25, ọkọ̀ olómi tó ní pọ́ọ̀ǹpù ni. 16 ń sọ pé pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ lè tú nǹkan bí líta 1,600 jáde ní ìṣẹ́jú kan, 25 ń sọ pé táńkì rẹ̀ gba nǹkan bí líta 2,500. Bí ẹ bá rí DLK 23/12, ọkọ̀ alákàsọ̀ ni, tó lè dé gíga mítà 23 bí ó bá dúró ní mítà 12 sí ara ilé. Ẹ bi ara yín pé ilé wo ní Mopa tàbí ní Iyara ni ó ga tó mítà 23. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn rere ń dá owó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó dùn ún wò, ó sì dùn mí, nítorí pé owó náà ì bá ra pọ́ọ̀ǹpù mẹ́ta àti họ́ọ̀sì tó yí ìlú po.

Ọkọ̀ tí ó wú mi lórí jù lọ nínú tiwọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní TSF, tó pọ̀ ní àwọn abúlé wọn. Ọkọ̀ bí bọ́ọ̀sì kékeré ni, ó ń gbé ènìyàn mẹ́fà, pọ́ọ̀ǹpù kan tí wọ́n lè gbé sọ̀kalẹ̀, àti họ́ọ̀sì. Púpọ̀ nínú wọn kò ní táńkì omi rárá, nítorí pé abúlé náà ti mọ ibi tí omi rẹ̀ wà. Ohun tó yẹ kí a wò kọ́ lára wọn nìyẹn.

Fún ìlú tó ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, ìmọ̀ràn mi ni píìkọ́ọ̀pù bí Hilux, kí ẹ di táńkì, pọ́ọ̀ǹpù àti họ́ọ̀sì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹrù rẹ̀ kí ẹ tó ra táńkì. Líta omi kan wọn kílò kan, ẹrù tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé kò sì ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí ẹ bá yọ ènìyàn, pọ́ọ̀ǹpù, họ́ọ̀sì àti irin tí ẹ jó mọ́ ọn kúrò, líta 500 ni ó bójú mu. Ẹni tó bá gbé táńkì líta 1,000 sí i lórí yóò rí i pé búrẹ́kì rẹ̀ kò dáhùn mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ohun tó sì ń mi nínú táńkì léwu ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà, omi yóò ti ìhà kan sáré lọ sí ìhà kejì, yóò sì fẹ́ gbé ọkọ̀ náà ṣubú. Bí táńkì yín bá jẹ́ irin, ẹ ní kí wẹ́dà jó pátákó irin mọ́ inú rẹ̀ ní ìdábùú, kí ó dá ihò sí wọn lára, kí omi lè máa kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oníike, tí ẹ kò lè ṣe èyí, ẹ jẹ́ kí ó kún bámúbámú nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ó sì ṣófo nígbà tí ẹ bá ń bọ̀; àbọ̀ omi ni ó ń dá ọkọ̀ nù.

Líta 500 kò pọ̀, nítorí náà họ́ọ̀sì tí ẹ lò ni yóò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní milimítà 45 lè tú nǹkan bí líta 400 jáde ní ìṣẹ́jú kan, omi yín yóò sì tán kí ẹ tó rí ojú iná dáadáa. Họ́ọ̀sì milimítà 25 tó ń tú líta 100 jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹni tó dì í mú bá sì mọ bí a ṣe ń ṣí i tí a sì ń tì í, yóò tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ní ti ilé tó ń jó, ẹ pe táńkà omi ìlú láti tẹ̀ lé yín: líta 10,000 yóò bọ́ họ́ọ̀sì ńlá fún ìṣẹ́jú 25. Kí táńkà náà má bàa dúró, ẹ ta tapólì sínú férémù irin bí agbada ńlá, kí ó da omi sínú rẹ̀, kí ó sì padà lọ pọn òmíràn nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù yín ń fa ti inú agbada.

Ní ọjọ́ iná

Nínú igbó, ẹ kọ́kọ́ wo atẹ́gùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, nítorí náà iná ẹ̀ẹ̀rùn wa sábà máa ń sáré lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má dúró níwájú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, láti orí ilẹ̀ tó ti jó dúdú, kí ẹ máa pa á ní ìhà méjèèjì títí ẹ ó fi há a mọ́. Ẹ rántí pé iná a máa gun òkè kíákíá ju bí ó ṣe ń rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lókè nígbà tí iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ wọ inú koríko gíga gbígbẹ: sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó gbóná tó láti dá iná mìíràn. Kí ó kọ ojú ọkọ̀ sí ọ̀nà àbájáde, kí kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, kí ó sì fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú táńkì láti fi dáàbò bo ara wọn padà.

Nínú ilé, ẹ pa iná mọ̀nàmọ́ná láti orísun rẹ̀ kí omi tó kàn án. Epo tó gbiná nínú ìkòkò, ọmọrí ni a fi ń dé e. Omi yóò fọ́n ọn káàkiri. Bí ọwọ́ iná bá ń jáde lẹ́nu sìlíńdà gáàsì, tí ẹ kò sì lè ti orí rẹ̀, ẹ má pa ọwọ́ iná náà, nítorí pé gáàsì tí kò jó yóò kún ilé dúró de ìṣáná kan. Ẹ dúró sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹ máa fi omi tu sìlíńdà náà lára.

Ti ọkọ̀ epo yàtọ̀ pátápátá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ epo kan gbiná ní Felele ní Lọ́kọ́ja, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní ogún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ìpínlẹ̀ Jígáwá, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún nítorí pé wọ́n sáré lọ gbọ́n epo tó dà sílẹ̀. Pẹtiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó lórí omi tí ẹ bá dà sí i, yóò sì máa jó lọ bí omi náà ṣe ń ṣàn. Fóòmù ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Irú kan wà tó jẹ́ pé líta 3 rẹ̀ ni a ń pò mọ́ líta 97 omi. Bí ẹ kò bá ní i, iṣẹ́ yín ni láti dí ọ̀nà ní ìhà méjèèjì, kí ẹ lé ènìyàn sẹ́yìn tó mítà 800 bí ó bá ti ń jó, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kẹ́ẹ̀gì súnmọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Ìtọ́jú ọkọ̀

Ẹ yan òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé dára. Ẹ jí ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Ẹ jí pọ́ọ̀ǹpù, kí ó fa omi gidi, kí ó sì tú u jáde, nítorí pé pọ́ọ̀ǹpù tó ń yí lásán láìsí omi nínú a máa jó rọ́bà inú ara rẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì, bátìrì, táyà, epo. Ẹ sá họ́ọ̀sì sí ibòji, kí ó gbẹ kí ẹ tó ká a, torí pé èyí tí a bá ká ní tútù yóò jẹrà. Táńkì gbọ́dọ̀ kún kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá ṣe èyí yóò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí ẹ so mọ́ ògiri, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì máa ṣe é ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ogún yóò fi yí ká. Ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀, ọ̀kan ní ilé tó súnmọ́ ibi tí ọkọ̀ wà jù lọ, ọ̀kan ní ààfin.